Ẹnu Ọ̀gá Lára Ògiri

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ dé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣí fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ó yọrí síta, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà!" Alábẹ̀wò gbójú sókè láti dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Fáìlì ọwọ́ rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Ohun tí Ọ̀gá kò mọ̀ ni pé àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ti fi ọ̀sán àná ya ojú òun sára ògiri ìta, tòun ti awò ojú àti yẹtí, wọ́n sì kun ètè pupa yí fèrèsé náà ká láti fi ṣe ẹnu. Inú ẹnu ara rẹ̀ ni obìnrin náà ti ń kí àlejò.

Olóògbé Tíṣà Ọlọ́dà ló kó wọn síbẹ̀. Òun ló ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà, kò sì sí aṣọ rẹ̀ kan tí ọ̀dà kò tíì bá. Ìyàwó rẹ̀ ní èyí tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn pàápàá ní àwọ̀ ewé léjìká.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Ọ̀gá fa Tíṣà dé ìdí ògiri.

"Tíṣà, kí lèyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màdámù."

"Mo mọ̀ pé èmi ni! Kí ló dé tí ẹnu mi fi tó báyìí?"

"Mo ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ni."

Ọ̀gá pàṣẹ pé kó fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọ̀sẹ̀ náà gba ọdún mẹ́rin.

Kì í ṣe pé ó kọ̀. Tíṣà Ọlọ́dà kì í kọ nǹkan fún ọ̀gá rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá á béèrè, òun náà á sì dáhùn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀.

"Tíṣà, ògiri ńkọ́?"

"Màdámù, mo ń bẹ̀rù òjò."

"Òjò wo? Ẹ̀ẹ̀rùn la wà!"

"Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, mà. Oòrùn á sán an."

Lọ́jọ́ kan Tíṣà ní ẹni tó bá ya àwòrán nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á rẹ́. Ó kó kíláàsì kẹta jáde, ó ní kí ẹni tó kun ẹnu náà nawọ́. Gbogbo àwọn mẹ́tàdínlógójì ló nawọ́, títí kan ọmọ tí kò wá sílé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n yà á.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá fárígá pé òun á pa á rẹ́ fúnra òun, Tíṣà fi àwàdà sílẹ̀. "Màdámù, mo ṣèlérí fún wọn pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan iṣẹ́ wọn. Tí ẹ bá pa á rẹ́, tí mo bá ní kí wọ́n po pupa mọ́ búlúù lọ́la kó lè di elésè-àlùkò, wọ́n á ní irọ́ ni." Ọ̀gá pòṣé, ó sì gbé agolo ọ̀dà rẹ̀ padà sí yàrá ìkẹ́rù.

Ọ̀gá ì bá má ti tètè yọ́nú sí i. Lóṣù kejì, Tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìdérí ìgò mẹ́wàá wá, kí wọ́n lè fi to ẹja sára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ìgò tó ní ìdérí mọ́ ládùúgbò. Ìyá kan gbé ìgò òróró wá bá a.

"Tíṣà, ìdérí ìgò mi dà? Òróró ti dà sí gbogbo kíṣìnì mi!"

Ó mú un lọ síbi ògiri. "Ojú ẹja yẹn nìyẹn, ìyá wa. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ja fọ́jú."

Ìyá náà wo ẹja, ẹja náà wò ó. Lọ́jọ́ kejì ó mú ìdérí méjì sí i wá, ó ní ìrù rẹ̀ ti kúrú jù.

Ìgbà ìsinmi ọdún kẹrin ni Tíṣà Ọlọ́dà kú, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tíṣà ní ó jọ ọ́, pé kò fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni dúró nítorí òun. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dà funfun ló ń sá fún. Lẹ́yìn náà ó wọ ọ́fíìsì, ó tilẹ̀kùn.

Kí àwọn ọmọ tó wọlé padà, pẹ́ńtà kan wá láti kun gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó dé ìdí ògiri yẹn, ó dúró.

"Màdámù, ṣé kí n pa èyí náà rẹ́?"

"Rárá."

"Ẹnu yìí mà tóbi o!"

"Ẹnu ta ni?"

Pẹ́ńtà wò ó, ó tún wo ògiri. "Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Ṣáà fi ẹnu mi sílẹ̀."

Ṣùgbọ́n òjò ti fọ pupa ètè náà dànù. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n wọlé, Ọ̀gá pe àwọn ọmọ tí Tíṣà kọ́ kẹ́yìn, ó fún wọn ní búrọ́ọ̀ṣì. Ọmọbìnrin kan wo ògiri títí, ó wá yíjú sí i.

"Màdámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí. Ẹ lanu díẹ̀, ká lè rí i dáadáa."

Ọ̀gá dúró, ó sì lanu.

"Ẹ má mira o, mà."

Kò mira. Omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí àgbọ̀n, kò nù ún, títí tí wọ́n fi kun ètè náà tán.