Rédíò Ọkọ̀ Ojú Omi ní Bantè

Olùkọ́ ni ọkọ mi ní Bantè, ẹja pípa sì ni fàájì rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni fẹ́ padà sílẹ̀ wọn, ó ta ọkọ̀ ojú omi kékeré kan fún un, àti rédíò inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn atukọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí òkun. Ibo ni òkun wà ní Bantè? Odò ọ̀nà Agoua ló fẹ́ máa wà á lórí rẹ̀, odò tí màlúù ń là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kì í kan ikùn wọn.

Ayé ìjọba kamaràádì, àwọn tó ń pe ìjọba wọn ní Ìyípadà, la wà nígbà náà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, amí ni lójú wọn, àfi tó bá gba ìwé àṣẹ. Ọkọ mi bẹ̀rù ìjọba ju bó ṣe bẹ̀rù Ọlọ́run lọ. Ó gbé rédíò sínú àpò, ó ní kí n sin òun lọ sí Savalou, níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ.

Ọ̀gá tó wà ní bùrò ìjọba níbẹ̀ gbé rédíò sétí, ó mì ín bí ẹni tó ń yẹ àgbọn wò.

"Kamaràádì, kí lorúkọ ọkọ̀ náà?"

"Ẹ má bínú, kò lórúkọ."

"Ọkọ̀ tí kò lórúkọ kò lè gbàṣẹ. Èbúté rẹ̀ ńkọ́?"

Ọkọ mi wojú mi.

"Abẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ni," ni mo wí.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi ní kí wọ́n fi orúkọ mi pe ọkọ̀. Ọ̀gá ní orúkọ obìnrin kò ran ìjàkadì àwọn aráàlú lọ́wọ́. Ìtẹ̀síwájú ni wọ́n sọ ọ́, ọkọ̀ tí kò tíì kúrò lójú kan.

"Ta lẹ ó máa bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́lòmíì tó nírú rẹ̀ lágbègbè wa."

"Ìyẹn dáa," ni ọ̀gá wí, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Lẹ́yìn àìmọye ìrìnàjò, àṣẹ dé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Máàsì, a wà lórí odò. "Àló, àló, Ìtẹ̀síwájú ló ń pè!" Rédíò ń hó ṣàà bí epo gbígbóná. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ bá mi kí wọn," ni mo wí. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ inú mi dùn sí ayọ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá jàndáámù méjì fi dé láti Savalou. Rédíò tiwọn ti bàjẹ́, tiwa nìkan ló sì lórúkọ nínú ìwé. Wọ́n ní Ìyípadà nílò rẹ̀. Ọkọ mi gbé e fún wọn, ó fi bátìrì mọ́ ọn, ó tún dúpẹ́.

Lọ́dún kejì, wọ́n pè wá pé ká wá sọ àṣẹ dọ̀tun. Mo ní kó má lọ. Ó lọ, mo bá a lọ.

"Rédíò dà?" ni ọ̀gá bi í. "Òfin ní ká fojú rí i."

Ọkọ mi na ìka sí ẹ̀yìn ọ̀gá. Rédíò wa wà lórí tábìlì níbẹ̀, ife tíì méjì lórí rẹ̀. Ọ̀gá yíjú wò ó, ó wò ó dáadáa, ó tún yíjú padà sí wa.

"Ó pé," ni ó wí, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé wa.