Ọkùnrin Tó Máa Ń Pa Fíìmù Láàárín

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ fìdí lélẹ̀, kí n ròyìn aládùúgbò mi kan fún yín.

Ọmọ Ìperindó ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìntì sí Òṣogbo. Bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti ń lọ sópin, tí àwọn òyìnbó ń múra ọdún iwin wọn, kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Á máa ti ojúlé bọ́ sójúlé, á máa polówó fíìmù adẹ́rùbani. Bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, á ní:

"Bàbá, èyí tí òkú ń kanlẹ̀kùn ni kí ẹ wò!"

"Gbé e wá, kí n wò ó nílé."

"Rárá o! Ilé mi la ti ń wò ó."

Lọ́sàn-án gangan, á fa kọ́tìnì, á máa rìn káàkiri lẹ́yìn àga wa. Bó bá ku díẹ̀ ká rí ojú òkú náà, á pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ìyókù dọ̀la."

"Ẹ̀gbọ́n, ìkà ni yín!" Bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ ṣe máa ń bú u.

Lọ́jọ́ kan, mo bi í pé kí ló dé. Ó wo àga ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé.

"Bàbá, bí ẹ bá wò ó tán, ta ni yóò padà wá? Ìdákẹ́jẹ́ ilé yìí ló ń bà mí lẹ́rù."

Nígbà tóun náà kú, ọmọ rẹ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n, àbúrò rẹ̀ kó àwọn àga. Àwọn aládùúgbò ló kàn mí nínú ogún náà. Wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà mi báyìí: "Bàbá, èwo la máa wò lónìí?"