Kéèsì Mínírà Tí A Gbé Kọjá Bọ́dà

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ọ̀ṣun la ti wá, ṣùgbọ́n Sango ni mo ti gbọ́ bùkátà, ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí bọ́ọ̀sì àwọn ilé iṣẹ́ ti máa ń kó èèyàn láàárọ̀. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pọ̀. Mo rántí orúkọ gbogbo wọn, mo rántí orúkọ bàbá tàbí ìyá tó mú wọn wá, ṣùgbọ́n n ò ní kọ orúkọ ẹnì kankan síbí. Orúkọ tí ì bá ṣíwájú ni ti ìyàwó mi, n kò sì tíì lè kọ ìyẹn.

Nídìí iṣẹ́ wa, òbí ló ń fa ọmọ lọ́wọ́ wá. Á fi ọwọ́ ọmọ lé ọwọ́ ọ̀gá, á ní, "Ẹ gbà á, ọmọ yín ni." Ó tán. Ọmọ ti di ti ọ̀gá nìyẹn, ó di ọjọ́ tó bá ṣe fírídọ̀mù. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù, òbí kan náà á gbé mínírà, bísíkíìtì àti obì wá dúpẹ́, ọ̀gá á gbàdúrà, ọmọ á máa lọ sílé. Tí òbí bá ti gbé mínírà kalẹ̀, kò sí ọ̀gá tó ń jiyàn. Ẹni tó bá dá ọmọ dúró lẹ́yìn ìyẹn, tí nǹkan bá ṣe ọmọ, ọrùn rẹ̀ ló wà. Mo mọ ìyẹn dáadáa, òun náà ni mo sì lò.

Àbígbẹ̀yìn wa, obìnrin, kàwé nọ́ọ̀sì. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Ọ̀tà, ó wá ní òun fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni ní ilẹ̀ Kùtọ̀nú, ní ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Sábẹ̀, níbi tí èdè wọn ti jọ tiwa. Wọ́n fún un ní yàrá, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, kò sí owó oṣù. Ó ní tí ọdún kejì bá pé, òun á padà wálé. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, kí ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo sọ fún un lórí fóònù pé lójú tèmi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ ni àárò ń bá jà. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, á gbé fóònù lé itan, á máa wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó. Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà mi kan, tí mo ṣe géètì fún, sọ pé wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì ní kíliníìkì ilé iṣẹ́ àwọn ní Àgbárá. Mo ronú sí i fún ọjọ́ mélòó kan, mo wá sọ fún ìyàwó mi pé, "Ìyá wọn, jẹ́ ká lọ wo ọmọ yìí." Kò bi mí pé kí ló dé. Ó ti ń wá àpò tó máa kó gàárì sí.

Èmi sọdá sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ohun mímu lójúkojú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ra mínírà kéèsì kan, mo ní màá dá ìgò rẹ̀ padà.

"Fírídọ̀mù ta ni, Bàbá?"

"Ti ọmọ mi obìnrin."

"Ẹ kú oríire o. Ẹ má bá mi fọ́ ìgò."

Nínú mọ́tò, ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ ti kéèsì náà. "Ẹ̀yin bàbá wọn, ṣé wọn kì í ta mínírà lọ́hùn-ún ni?"

"Tilé dùn jù."

"Ẹnu yín yìí, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iyọ̀ àti ṣúgà."

Ní Ìdíròkò, kọ́sítọ́ọ̀mù kan ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, ó wo ẹrù wa títí. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ayé ń kó ìrẹsì wọlé, ẹ̀yin ń kó mínírà jáde. Ẹ máa lọ jàre." Gbogbo èèyàn inú mọ́tò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọmọ tó rù ni mo ti ń retí. Kò rù. Ó sáré wá pàdé wa nínú aṣọ iṣẹ́, ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ìyá rẹ̀ sì dì mọ́ ọn débi pé mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ẹrù ná. Alẹ́ ọjọ́ náà dùn. Ká ní ibẹ̀ ni mo fi í mọ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọ̀kadà lọ sí abúlé kan láti lọ gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́, ìyá rẹ̀ sì bá a lọ. Mo dúró títí eruku wọn fi rọlẹ̀. Mo wọ agbádá mi, mo gbé kéèsì léjìká, mo kó obì àti bísíkíìtì dání, mo lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ìyá àgbà kan ni, agbẹ̀bí, tó ń lo awò ojú. Àwọn aboyún jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iwájú gbogbo wọn ni mo ti dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Mo ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá wa tọ́jú ọmọ. A wá dúpẹ́ ni."

Ó wo mínírà, ó wo obì. Wọ́n ń ṣe fírídọ̀mù níbẹ̀ náà, kódà tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ. "Ṣé ó sọ fún yín pé òun fẹ́ máa lọ ni?"

"Ọmọ kì í sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, Màmá. Òbí ló ń bá a sọ ọ́."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ìṣẹ́tí ìró nù ún, ó pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ padà. "Ó dáa. Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Àwọn aboyún yẹn ò dúró gba oògùn mọ́. Kí ọ̀kadà tó padà dé lọ́sàn-án, ìròyìn ti kárí. Ẹnì kan so adìyẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ mi, bàbá kan gbé iṣu wá, obìnrin kan tí ikùn rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń béèrè pé ta ni yóò wá gbẹ̀bí òun. Ọmọ mi sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ta ló ń lọ?"

"Ìwọ ni."

Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó rí kéèsì. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ló dàgbà sí, òun ló máa ń pín bísíkíìtì tí a bá ń ṣe fírídọ̀mù. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ó yíjú sí mi.

"Bàbá, mi ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn o. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Nínú yàrá, ìyàwó mi bi mí pé, "Àbí ẹ̀yin lẹ ṣe báyìí?"

"Nítorí rẹ ni. Àárò rẹ̀ ń pa ọ́."

"Èmi ni àárò ń pa. Ṣé mo rán yín níṣẹ́?"

Ọmọ wa lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò lọ. Ó padà wá pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ọ̀gá ní òun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òbí ti dúpẹ́, òun ò lè máa fi ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́ láìsí ìyọ̀ǹda ilé rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo wo ilẹ̀. N ò ní purọ́, inú mi dùn. Mo ti ń rò ó pé tí a bá dé Sango, tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àgbárá, inú tó ń bí i á rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi wé gèlè tó yẹ kó wé lọ sí mọ́sálásí, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú bí ẹni ń mú ọmọ kékeré sọdá títì, ó ní kí n máa bọ̀. Ó dúró níwájú ọ̀gá.

"Màmá, bàbá rẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ lánàá. Èmi ìyá rẹ̀ ò tíì ṣe tèmi." Ó fi ọwọ́ ọmọ lé ọwọ́ obìnrin náà. "Ẹ gbà á, ọmọ yín ni."

Ọ̀gá bi í bí a ṣe máa ń bi ara wa nídìí iṣẹ́. "Fún ìgbà wo?"

Mo gbà pé ó máa sọ pé títí ọdún kejì fi máa pé. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ pẹ́. "Títí tó bá fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣetán."

Ó ti fi ọmọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síbẹ̀, kò gbé e wálẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni mo ń rí báyìí tí mo bá dijú. Èmi ni mo mú un débi tó fi ní láti ṣe é, òun tó jẹ́ pé òun ni àárò ń pa.

Ọ̀gá ní ká gbé mínírà wa padà. "Ọjọ́ tó bá ṣetán la ó mu ún." Nínú mọ́tò tó ń gbé wa bọ̀, ìyàwó mi tún fi ẹsẹ̀ ti kéèsì náà, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní ó tiẹ̀ bú mi.

Ọdún kejì pé. Ọmọ wa pè, ó ní òun ò tíì ṣetán. Ìyá rẹ̀ ní, "Kò burú, ọmọ mi," ó sì gbé fóònù lé itan bó ṣe máa ń ṣe. Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́ ní Sango, tí n ò gbé nǹkan kan kọjá bọ́dà, á ti padà wálé nígbà yẹn. Bí mo bá yí ọ̀rọ̀ yìí sọ́tùn-ún, tí mo yí i sósì, ibẹ̀ náà ló ń já sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, orí ni ìyàwó mi kọ́kọ́ ní ó ń fọ́ òun. Mo ní kí n pe ọmọ, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó parí iṣẹ́ àárọ̀ ná." Ìrọ̀lẹ́ ò bá a láyé. A sin ín bí ẹ̀sìn wa ṣe ní ká yára sin òkú, ọmọ wa ṣì wà lọ́nà. Ilẹ̀ tútù ló bá.

Nígbà tí ọmọ wa dé, ó ní, "Ṣé wọ́n béèrè mi?" Mo sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nípa iṣẹ́ àárọ̀.

Lọ́jọ́ fìdáù, àlejò pọ̀, ohun mímu ò tó. Ọmọ mi wọ yàrá lọ wá èyí tó bá wà, ó sì gbé kéèsì yẹn jáde, eruku ti bò ó. Ó mọ̀ ọ́n. Ó dúró, ó wò mí, mo mi orí sí i pé kó pín in. Ó nu àwọn ìgò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pín wọn. Ó gbé ọ̀kan fún èmi náà. N ò lè ṣí i.

Oníbàárà mi ti Àgbárá wà lára àwọn tó wá. Ó ní àyè tún ti ṣí. Ọmọ mi gbọ́ ọ. Nígbà tí ilé dákẹ́, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní.

"Bàbá, ṣé kí n dúró tì yín?"

Ohun tí mo gbé kéèsì lọ wá nìyẹn, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ gbé wá fún mi. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Ṣé o ti ṣetán?"

"Mi ò tíì ṣetán."

"Máa lọ nígbà náà. Ìyá rẹ kò fi ọ́ sọ́wọ́ mi."

Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo gbé ìgò lọ fún obìnrin olóhun mímu. Ó ní, "Bàbá, ìgò mi pẹ́ lọ́dọ̀ yín o. Ṣé ẹ ti ṣe fírídọ̀mù náà?"

"A ò tíì ṣe é."

Ó wo inú kéèsì, ó ní ọ̀kan kù. Mo ní màá mú un wá. Ó ṣì wà lójú fèrèsé wa, ìdérí rẹ̀ wà lórí.