Omi Àdúrà Lórí Sẹ́kíìtì

Ìyá ìyàwó mi ló dà á rú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ àwọn ni.

Lẹ́yìn ikú ìyàwó mi, wọ́n wá ń gbé ọ̀dọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn ọmọ. Èmi ti dàgbà kí n tó rí ilé ìwé wọ̀, iṣẹ́ rédíò ni mo sì kọ́. Ní Apapa ni mo ti ń ṣe é, fún àwọn tó ni báàjì, ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ tó ń kẹ́rù ní Kirikiri. Báàjì a máa gba nọ́ńbà ẹrù lórí rédíò, ariwo a sì máa ba àwọn nọ́ńbà náà jẹ́. A wá ń fi nọ́ńbà mìíràn kún un, kí ẹ̀rọ lè fi wọ́n mọ èyí tó bàjẹ́, kó sì tún un ṣe. Ẹ̀rọ òkè òkun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

Mo ṣe tèmi. Èyí kì í yára sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Iná tín-ín-rín ló fi ń wọn bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe dájú tó, títí gbogbo wọn á fi fẹnu kò. Iná náà kéré débi pé bí ọwọ́ tó làágùn bá kan bọ́ọ̀dù sẹ́kíìtì rẹ̀ tí iná ń gbà kọjá, ó ti ṣìnà.

Ọ̀gá wa ní kí n gbé e wá ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ti òkè òkun ni wọn yóò rà, tèmi sì parí síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo dán an wò. Nọ́ńbà tó pé gan-an ló ń bà jẹ́. Mo fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka mi. Mo tọ́ ọ wò: iyọ̀.

"Màámà, ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?"

"Èmi ni. Omi àdúrà àná ni mo wọ́n sí i. Mo fi iyọ̀ sí i, kó lè lágbára."

"Omi iyọ̀, mà? Sára ẹ̀rọ iná?"

"Iná wo? Mo ti yọ bátìrì ẹ̀ kí n tó wọ́n ọn. Àbí o rò pé orí mi ò pé ni?"

Mo fi omi gbígbóná fọ bọ́ọ̀dù, mo fi sípíríìtì tẹ̀lé e kó lè yára gbẹ, mo sá a sójú fèrèsé. Wọ́n dúró tì mí.

"Rọra o, o ń fọ àdúrà yẹn kúrò!"

"Ohun tí mo ń ṣe nìyẹn, mà."

Ní Apapa, ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ ba nọ́ńbà mélòó kan jẹ́. Ẹ̀rọ náà lọ́ra, lẹ́yìn náà ó tún gbogbo wọn ṣe. Ọ̀gá wo míta tó ń wọn iná bátìrì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Ó ní kí n ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo báàjì.

Mo délé, mo sọ fún ìyá ìyàwó mi. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, o sì ti fọ púpọ̀ nínú omi àdúrà ẹ̀ dànù o! Ká ní o fi sílẹ̀ ńkọ́? Ibo lo máa kó àwọn ẹ̀rọ tó kù sí?"

"Ibi iṣẹ́ ni wọ́n máa wà, mà."

"Kò burú. Apapa ò jìnnà. Màá wá bá ọ níbẹ̀."