Kóòtù Tí Mo Gbé Sílẹ̀ Ní Ogbete

Èmi ò mọ ọdún kà bí àwọn tó kàwé ṣe ń kà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún tí wọ́n ṣí ilé-ìwé padà lẹ́yìn tí kòrónà ti sé gbogbo wa mọ́lé ni. Wọ́n ṣí ti gbogbo ayé, wọn ò ṣí èyí tí àkọ́bí mi obìnrin ti ń ṣe tíṣà. Ẹni tó ni ín ti ta ilé náà fún àwọn tó ń ta táìlì. Ọmọ mi yìí, òun ni ìyá ẹni tó ń bá mi kọ̀wé yìí, bá padà sọ́dọ̀ mi ní Coal Camp, nínú ìlú Enugu, sínú ilé tí èmi àti bàbá wọn ti ń gbé láti ìgbà tí bàbá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ó jókòó sílé títí, kì í fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá ní kó jẹun, á ní kí lòun ṣe tí ebi á fi pa òun.

Nígbà tó yá, ilé-ìwé kan ní New Haven, àdúgbò kan nínú Enugu kan náà, pè é fún íntáfíù. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wọ kóòtù. Ọmọ mi ò ní kóòtù, ó sì ti ń sọ ọ́ pé bóyá kí òun má wulẹ̀ lọ. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Bọ́síkọ̀rọ̀ là ń pe aṣọ àlòkù òyìnbó nílé wa ní Òṣogbo, torí èèyàn á yà sí kọ̀rọ̀ kan kó tó wọ̀ ọ́. Ní Enugu níbí, òkìrìkà ni, kò sì sẹ́ni tó ń sá pamọ́ nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó dáa, àárọ̀ kùtù ló gbọ́dọ̀ dé ọjà Ogbete, kó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tú béèlì. Ìdì ńlá ni béèlì, okùn líle ni wọ́n fi ń dè é wá láti òkè òkun. Bí ọlọ́jà bá ti gé okùn yẹn báyìí, aṣọ á wú jáde bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n ti pò, gbogbo ọwọ́ á sì wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo débẹ̀ ní Sátidé. Béèlì kóòtù obìnrin ni wọ́n tú. Wọ́n tì mí síbí, wọ́n tì mí sọ́hùn-ún, àmọ́ ọwọ́ mi ba ọ̀kan. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tó mú dáadáa. Bọ́tìnnì rẹ̀ pé, abíyá rẹ̀ ò ṣá. Mo gbé e sí àyà mi, ó dà bíi pé wọ́n wọn ọmọ mi kí wọ́n tó rán an. Ọlọ́jà dá owó lé e. Mo dá tèmi. Ó mi orí.

Ni mo bá ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi lọ́jà Òṣogbo. Mo gbé kóòtù sílẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ ẹ mọ́, mo yí padà, mo ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀, etí mi wà lẹ́yìn. Nílé wa, o ò ní tíì rìn jìnnà tí ọlọ́jà á fi ní kí o padà wá mú un. Mo rìn dé ìdí ẹni tó ń ta bàtà, kò sẹ́ni tó pè mí. Mo wẹ̀yìn wò. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan ti gbé kóòtù ọmọ mi há abíyá.

Mo sáré padà. Mo ní èmi ni mo ni kóòtù yẹn. Pijin la jọ ń sọ, mo kàn ń fi Yorùbá sọ ọ́ fún ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé yìí ni. Obìnrin náà ní, "Màmá, ẹ ti gbé e sílẹ̀." Ohun kan náà ni ọlọ́jà sọ, kò tiẹ̀ wo ojú mi. Òfin ìdí béèlì nìyẹn: ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ, tìẹ ni. Tóo bá ti gbé e sílẹ̀, ti ẹni tó bá mú un ni.

Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi lọ sílé. Kí ni mo fẹ́ wí fún ọmọ tó ti ń wá ìdí tí kò fi ní lọ? Mo dúró ti obìnrin náà. Aṣọ pọ̀ ní apá rẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn tó bá kó aṣọ jọ báyẹn máa ń ṣà á nígbẹ̀yìn, wọ́n á ju èyí tí wọn ò fẹ́ padà. Bó bá yí sọ́tùn-ún, mo yí. Bó bá bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó dojú kọ mí.

"Màmá, ṣé èmi ni mo jí ewúrẹ́ yín gbé ni?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti ilé-ìwé tí wọn ò ṣí, mo sọ ti Mọ́ńdè. Ó bi mí pé kí ló wá dé tí mo gbé e sílẹ̀. Mo ní nílé wa, téèyàn bá gbé ọjà sílẹ̀ tó ń lọ, wọ́n á pè é padà ni. Ó kọ́kọ́ tẹjú mọ́ mi, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó fi Ìgbò sọ ọ́ fún àwọn tó kù, gbogbo ìdí béèlì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n máa lọ, kí n lọ dúró ní Amechi tó jìnnà lọ́hùn-ún, àwọn á ránṣẹ́ pè mí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Obìnrin yẹn fa kóòtù náà yọ, ó gbé e wò. Ó bi mí bóyá ọmọ mi sanra. Mo ní kò sanra, ìrònú ti jẹ ẹ́ tán. Ó tẹ́ kóòtù sórí òkìtì aṣọ níwájú mi, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni tó ń wá nǹkan. Kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó débẹ̀, mo ti gbá a mọ́ra. Iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ dá ni mo san. Ọlọ́jà ní, "Màmá, ẹ ò ná an mọ́?" Mo ti ń ká kóòtù mi.

Ọmọ mi fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó wọ̀ ọ́ lọ ní Mọ́ńdè. Ọ̀sán ló dé. Ó bọ́ kóòtù náà, ó fi kọ́ ara ìlẹ̀kùn, ó jókòó. Ó ní wọ́n fẹ́ òun, àmọ́ owó oṣù tí wọ́n dá ti kéré jù, òun sì sọ fún wọn pé òun ń lọ rò ó. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ òun lóòótọ́, wọ́n á pe òun padà.

Mo dìde dúró.

"Ṣé o fẹ́ iṣẹ́ náà àbí o ò fẹ́ ẹ?"

"Màámi, mo fẹ́ ẹ."

"Ṣé àwọn mìíràn wà níbẹ̀?"

"Wọ́n jókòó níta."

Mo yọ kóòtù lára ìlẹ̀kùn, mo nà án sí i. "Padà lọ. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá iṣẹ́ náà nílẹ̀." Bó ṣe ń wọ bàtà ni mo ń sọ ti Ogbete fún un. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e lọ, ó sì gba iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ níbẹ̀ títí dòní, wọ́n sì ti fi kún owó rẹ̀, ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ló wá ná an.

Nígbà tí gbogbo àwọn ọmọ mi pé sọ́dọ̀ mi ní Kérésìmesì, wọ́n ní kí n sọ ti kóòtù, wọ́n fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo ní nǹkan tí ẹ bá fẹ́, ọwọ́ yín ni kó wà kí ẹ tó máa ná an. Mo tún ní, "Ẹ̀yin náà á di ẹni tí aṣọ kún apá rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá rí arúgbó tó ń tẹ̀ lé yín kiri, ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá."