Job, Ẹni Tó Yẹ Omi Dópẹmu Wò

Yàrá èmi Láídé aránṣọ àti ti Job dojú kọra ní Dópẹmu, síbẹ̀ mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà rí. Agídí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ará Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe n'Íkẹjà: á bu omi, á họ yẹ̀pẹ̀, á lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé iṣẹ́ kan ń ba àdúgbò jẹ́.

Ní ọdún kejì tí àwọn alágbádá gbàjọba lọ́wọ́ ṣọ́jà, wọ́n rán an sí ilé iṣẹ́ ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀ ògbólógbòó, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀. Eruku ibẹ̀ kúnná ju àtíkè lọ, ojú kì í rí i àfi tó bá bà lé nǹkan. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ló bá wọn pín ògiri. Ibẹ̀ ni Tinúọlá ìyàwó Job ń lọ. Ọdún méje ló fi wá oyún. Nígbà tó rí i, Wòlíì Ìgbẹ́kẹ̀lé ní kó máa mu omi àdúrà láràárọ̀ títí yóò fi bímọ.

Job ò fẹ́ rí wòlíì yìí sójú. Lọ́jọ́ tó lọ bu omi ṣọ́ọ̀ṣì náà fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kó bọ́ bàtà kó tó wọgbà, ilẹ̀ mímọ́ ni. Ó kọ̀, ó ní kí wọ́n fa omi kànga wá bá òun lẹ́nu géètì. Kànga náà jìn, ó ní ìdérí, omi rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Job kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i, wòlíì sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò béèrè bí omi kànga ṣe ń di omi àdúrà. Inú abọ́ fífẹ̀ ni wọ́n ń bù ú sí, wọn á gbé e sí gbangba fún ọjọ́ mẹ́ta kí ìrì ọ̀run lè sẹ̀ sí i. Gbogbo ọmọ ìjọ ló mọ̀. Ìgbéraga ò jẹ́ kí òun mọ̀.

Oyún pé oṣù méje kí ó tó wá ìyàwó rẹ̀ débẹ̀, tó rí eruku dúdú lójú omi. Ó bu díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Òjé inú rẹ̀ kọjá ohun tí aláboyún gbọ́dọ̀ fẹnu kàn. Ọ̀gá rẹ̀ ní ẹni tó ti fọwọ́ sí i pé omi mọ́ kò gbọdọ̀ wá dójú ti iléeṣẹ́ ìjọba.

Ló bá wá ń bẹ Tinúọlá lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́.

“Má mu ún mọ́. Májèlé ni fún ọmọ wa.”

Tinúọlá bi í léèrè bóyá orúkọ ẹlòmíì ló wà lára ìwé ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Job ń ṣàlàyé kànga, ó ń ṣàlàyé abọ́. Tinúọlá wò ó.

“Ẹ kórìíra wòlíì ju bí ẹ ṣe fẹ́ràn ọmọ yìí lọ.”

Ó gbé ife omi àdúrà sẹ́nu, ó sì mu ún tán lójú rẹ̀.