Ẹyin Ẹja Ẹlẹ́nu Gígùn

Igba náírà ni mo ń ta ọ̀pá okùn ọ̀rá kan nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀bù mi ní Òṣogbo sì máa ń rùn bíi rọ́bà tuntun látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àna mi, ìyá ìyàwó ọmọ mi, wọkọ̀ láti Iléṣà wá kí mi. Kò tíì fìdí lélẹ̀ dáadáa tí mo fi bi í pé, "Ọmọ òṣómàáló, gbèsè ta lẹ wá gbà?" Ó ní, "Tiyín ni. Ẹ gbọ́mọ mi lọ sí Amẹ́ríkà, ẹ ò tíì dá a padà."

Ẹ̀rín yẹn la ń rín lọ́wọ́ tí ọmọ mi fi pè wá lórí fídíò. Etí odò kan ló wà lọ́hùn-ún, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún oṣù mẹ́fà, wọ́n gbé sítóòfù àti páànù dání. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò dára, ṣùgbọ́n ká wá wò ó, okùn lòun fi ń pẹja. Mo ní okùn tí mò ń tà láti ọjọ́ yìí, kò pa aáyán rí. Ó ní egungun ni gbogbo ẹnu ẹja náà, ìwọ̀ kì í wọ̀ ọ́. Okùn ọ̀rá tí wọ́n tú bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo ni wọ́n ń jù sí i, kí eyín rẹ̀ lè há. Kò parọ́. Ojú wa ló ṣe fà á jáde: ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn, ìpẹ́ tó le bíi táìlì.

"Ọmọ ọ̀nì lo mú yẹn," mo ní.

"Ẹja ni, Màámi. Ẹ wò ó, kò lẹ́sẹ̀."

Ó la inú rẹ̀, ẹyin kún ibẹ̀, ó fẹ́ dà á nù. Àna mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Má dà á nù o. Ẹ dín in fún ọmọ mi, ẹyin ẹja dára fún aboyún." Ọmọbìnrin rẹ̀ ní òórùn rẹ̀ ò wu òun. Ìyá rẹ̀ ní, "Jẹ ẹ́ nítorí tèmi." Epo ti ń ta nínú páànù nígbà tí fídíò dúró gan-an, tó sì kú.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì ń ra okùn kànga lọ́wọ́ mi, ó sì ti ń yọjú wo fídíò náà lẹ́yìn wa; ó ti gbé ní Amẹ́ríkà rí. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ìyá, mo mọ ẹja yẹn. Ẹran rẹ̀ ṣeé jẹ. Ẹyin rẹ̀, májèlé ni."

A pè, kò lọ. A tún pè. Obìnrin inú fóònù ń fi gẹ̀ẹ́sì dá wa lóhùn, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo pariwo orúkọ ọmọ mi sínú fóònù tí kò lọ náà, bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà lódìkejì títì. Àna mi bẹ̀rẹ̀ orin ìjọ, ó dé àárín, ó gba fóònù, ó tún pè. Oníbàárà mi ti sanwó tán, ó di okùn rẹ̀ mú, kò lè lọ.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ọmọ mi tó pè. "Màámi, ilé ìwòsàn la wà. Ṣíbí kan péré ló jẹ. Ó bì títí, wọ́n ti fa omi sí i lára, ó ti sùn. Oyún ò ṣe nǹkan kan."

Àna mi bi í bóyá ọmọ òun ń bínú sí òun.

"Rárá, mọ̀mí. Ó ní nítorí yín lòun ṣe jẹ ẹ́."

Àna mi gbé fóònù lé orí okùn, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wa rékọjá òkun, wọ́n mọ ohun tí a ò mọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń la ẹnu fún ṣíbí wa, a ò sì lè na ọwọ́ gbà á padà. Gbogbo nǹkan ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò tíì lè fi ìyẹn ṣe. Lórí ṣíbí kan yẹn, ilé ìwòsàn gba ẹgbẹ̀rún kan àti ogójì dọ́là.